Iná Ìta Tí Kò Ní Lé Ìràwọ̀ Lọ

Kí ẹ tó ra iná ìta, ẹ jáde lálẹ́, kí ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ yín ń gbà gan-an: àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ géètì. Ibẹ̀ nìkan ló nílò iná.

Ìbòrí iná náà ni mo kà sí pàtàkì jù. Gílóòbù gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ pátápátá, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa dà sílẹ̀ nìkan. Bí mo ṣe ń dán tèmi wò ni pé mo máa ń lọ dúró lẹ́bàá ògiri aládùúgbò mi. Bí mo bá ṣì ń rí gílóòbù náà fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀ sí i. Iná ìta tó rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, tó ń tàn yíká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Òkè ni púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ìyẹn ni kì í jẹ́ ká rí ìràwọ̀ dáadáa.

Ẹ wo ara páálí gílóòbù fún nọ́ńbà tó ní K (Kelvin), tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ (bó bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pupa sí i): 2700K dára, ẹ má kọjá 3000K. Iná funfun tó fẹ́ jọ búlúù máa ń fọ́n ká ojú ọ̀run ju èyí tó pupa díẹ̀ lọ, ó sì máa ń fa kòkòrò mọ́ra.

Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bí ènìyàn bá ń bọ̀ sí i, kó máa kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1.