Láti orí ọ̀wẹ̀ bọ́ sórí àáró: ọdún kan tí mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa n'Íbàdàn, ìwé owó ẹgbẹ́ ni akọ̀wé àná kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Mo ṣí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Owó ọlọ́dẹ ló kún inú rẹ̀: owó oṣù ọlọ́dẹ, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ọlọ́dẹ, bàtà òjò ọlọ́dẹ. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí wọ́n ná sórí gọ́tà. Bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn la wà o! Ta ni kò gbọ́ ìtàn omíyalé odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980? Ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ṣojú èmi fúnra mi. Omi gbé afárá, ó gbé ọkọ̀, ó gbé èèyàn lọ. Mo sọ fún wọn nípàdé oṣù kìíní pé lọ́dún yìí, gọ́tà ni.

A pe gbogbo ilé síta ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà. Ilé 42 ló wà lórúkọ, èèyàn 11 ló jáde. Àwọn ayálégbé ní iṣẹ́ onílé ni, àwọn onílé ní ṣebí àwọn ti san owó, kí a fi gba lébìrà. Lóṣù kejì, èèyàn mẹ́sàn-án péré la rí. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá Alága, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ló ranṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọ̀wẹ̀ lò ń bẹ̀ wọ́n. Dá àáró sílẹ̀." Wọ́n ní láyé ìgbà táwọn ń roko, ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò se oúnjẹ, ẹni tó bá wù ló ń wá. Ṣùgbọ́n àáró, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, kálukú mọ ẹni tó jẹ ní àáró tó sì gbọ́dọ̀ san án padà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú iṣẹ́ náà sí mi lójú. Mo ra okùn, mo fi wọn gọ́tà láti orí títì dé etí odò, mo pín in sọ́nà méje, ilé mẹ́fà mẹ́fà. Sátidé kan fún ọ̀wọ́ kan, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta. Gbogbo ilé yóò fi ẹnì kan ṣọwọ́ sí ojúlé ọ̀wọ́ tó kàn, àwọn náà yóò sì wá san án padà. Ẹni tó ń gbénú ilé ni mo kọ orúkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ onílé tàbí ayálégbé.

Ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, létí odò. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹrẹ̀ ibẹ̀ yóò kàn wọ́ lọ sísàlẹ̀ ni. Èèyàn 37 ló jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rá omi la kó jù, a kó ṣòkòtò ọmọdé, a kó ọmọrí ìkòkò. Nígbà tí ṣọ́bìrì wá dún gbàà lára símẹ́ńtì nísàlẹ̀, ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì létí ibẹ̀ dìde wá wò ó. Wọ́n ní láti ọdún méjìlá táwọn ti ń jókòó síbẹ̀, àwọn ò mọ̀ pé gọ́tà náà nílẹ̀.

Àṣìṣe wa ni pé etí gọ́tà la kó ẹrẹ̀ náà jọ sí. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbá a padà sínú rẹ̀ pátá. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi nígbà tí mo rí i láàárọ̀. Láti ọjọ́ náà, a ti ń sanwó típà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, ẹrẹ̀ kankan ò sì sùn létí gọ́tà mọ́. Ìdajì oṣù kẹrin la parí.

Lóṣù kẹfà, òjò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́. Mo mú tọ́ọ̀ṣì jáde, mo bá ọlọ́dẹ níbi tó dúró sí. Omi kún gọ́tà, ó ku nǹkan bí ìka méjì kó dé etí, ó sì ń sáré lọ sódò. Kò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Mo dúró síbẹ̀ títí òjò fi dá.

Lóṣù kẹjọ tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, a da ìdérí kọnkéré sójú ibi táwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà kọjá. Ayálégbé kan tó jẹ́ bíríkìlà ló ṣe é, kò gba kọ́bọ̀. Símẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, pẹ̀lú irin nínú. Ó tẹ irin méjì bí ìwọ̀, ó jẹ́ kí wọ́n yọrí síta, kí èèyàn méjì lè máa gbé ìdérí náà nígbà tí a bá fẹ́ kó ẹrẹ̀. Àpò tútù la fi bò ó, àwọn ọmọdé sì ń bu omi wọ́n ọn fún ọjọ́ méje.

A dí kòtò ojú títì lóṣù kẹwàá, a gbin igi mélòó kan. Ìnáwó oṣooṣù ni mo ń kọ lẹ̀ mọ́ géètì, tó fi dórí owó omi mímu. Àwọn tí kì í sanwó tẹ́lẹ̀ ń dúró kà á, àwọn kan nínú wọn sì wá san gbèsè wọn.

Nípàdé oṣù kejìlá, wọ́n fi bíríkìlà yẹn ṣe igbákejì akọ̀wé. Òun ni ayálégbé àkọ́kọ́ tó máa dipò mú nínú ẹgbẹ́ wa. A ti jọ kọ orúkọ fún àáró ọdún tó ń bọ̀. Etí odò náà la ó ti bẹ̀rẹ̀, Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹta.