Bẹ́ ẹ ṣe lè ya fọ́tò títì Ọba Adésídà àti gáréèjì l'Àkúrẹ́

Ẹ má wá réluwé wá s'Àkúrẹ́ o, kò dé ọ̀dọ̀ wa rárá, ẹni tó bá fẹ́ ya tésàn réluwé kó kọjá sí Òṣogbo. Gáréèjì làwa ní, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe nínú fọ́tò, èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, ẹrù wà lórí.

Ẹ tètè jáde, bí aago méje àárọ̀ báyìí, oòrùn ò tíì ga, òjìji á gùn lórí títì. Tó bá ti dọ̀sán, ojú gbogbo èèyàn á dúdú lábẹ́ fìlà, ẹ lọ jẹun ní tiyín.

L'Ọ́jà Ọba, ẹ má kàn na fóònù sáwọn ìyá ọlọ́jà lójú. Ẹ kí wọn, ẹ rajà. Èmi ra ata rodo lọ́jọ́ kan, màmá náà fúnra wọn ló tún gèlè wé, wọ́n ní "ó yá, yà mí dáadáa, má jẹ̀ẹ́ n sanra jù o".

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kadà dúró gbagidi nínú fọ́tò, ẹ gbé shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé) sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dà bí ìgbà tó ń fò, 1/15, àmọ́ ẹ fẹ̀yìn ti òpó iná kọ́wọ́ má gbọ̀n. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí fókọ́ọ̀sì á fi dúró.

Ní gáréèjì, ẹ kọ́kọ́ rí alága kẹ́ ẹ tó yọ kámẹ́rà. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n pa gbogbo fọ́tò tí mo yà rẹ́, mo pa á rẹ́.