Bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yẹ èròjà ewé wò kí a tó pè é ní oògùn ibà

Ẹni tó bá ra ewé dóńgóyárò ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo mọ̀ pé ibà ni wọ́n ń sè é fún. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ṣe lè wò ó bóyá èròjà inú igi náà lè dí iṣẹ́ kòkòrò ibà lọ́wọ́, kó tó náwó sí iṣẹ́ yàrá ìwádìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DHFR, purotéènì tí Plasmodium falciparum nílò láti pèsè DNA rẹ̀, tí oògùn pyrimethamine sì ń dí. Ẹ gba àwòrán rẹ̀ tí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ 1J3I lọ́fẹ̀ẹ́ láti Protein Data Bank, ibi ìpamọ́ àwòrán purotéènì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971. Ẹ yọ omi inú rẹ̀ kúrò, ẹ fi háídrójìn sí i, kí ẹ sì yọ WR99210, èròjà tó ń dí DHFR tó wà nínú àwòrán náà, sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ kan NADPH, èròjà tí DHFR fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á rẹ́ mọ́ omi, láìmọ̀ pé ó wà lára ògiri ihò tí oògùn ń wọ̀.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni àwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹ fi AutoDock Vina, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá bí èròjà ṣe lè jókòó sínú purotéènì, dá WR99210 padà sínú ihò rẹ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá ìdérí ṣì bá ẹnu ìkòkò tirẹ̀ mu. Bí ibi tí kọ̀ǹpútà gbé e sí bá fi ju 2 Å (angstrom, ìwọ̀n gígùn kékeré gan-an tí a fi ń wọn átọ́ọ̀mù) lọ yàtọ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ tún àpótí tí ẹ yà yí ihò náà ká wò. Ẹ má tíì tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba gedunin, ọ̀kan lára èròjà dóńgóyárò, àti pyrimethamine fún ìfiwéra, láti PubChem, ibi ìpamọ́ àwòrán èròjà kẹ́míkà. Ẹ gbé exhaustiveness, ìyẹn bí Vina ṣe ń wá kiri tó, láti 8 sí 32, bí bátìrì yín bá lè gbé e títí iná yóò fi dé. Bí iye agbára tí Vina bá fún èròjà (ní kcal/mol) bá ṣe jìn sí ìsàlẹ̀ òdo tó ni Vina ṣe kà á sí pé èròjà náà dì mọ́ purotéènì tó. Àmọ́ èròjà ńlá máa ń gba iye tó dára nítorí títóbi rẹ̀ nìkan, ìwọ̀n gedunin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti pyrimethamine. Nítorí náà, ẹ wò ó bóyá ó di Asp54, ọ̀kan lára ásíìdì amínò inú ihò DHFR, mú, níbi tí pyrimethamine ti máa ń dì mọ́ ọn.

Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lórí DHFR ti ènìyàn, torí àwa náà ní in. Èyí tó bá yan ti kòkòrò nìkan ni kí ẹ gbé lọ sí yàrá ìwádìí, kí wọ́n dán an wò lára kòkòrò ibà tí wọ́n ń sìn nínú ẹ̀jẹ̀.