Ẹ Má Ka "Hand-dyed" Bí Ẹni Ka Búrẹ́dì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń múra WAEC àti JAMB ní Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka hand-dyed ní "hán-dì-dá-yẹ̀-dì" mọ́. Sílébù méjì péré ni: hand, dyed. Ìlú aró ni ìlú wa, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ aṣọ aláró fún wa lẹ́nu. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi ń wá fáwẹ́lì kún un, bí bread ṣe di búrẹ́dì.

Ẹ má sì sọ gbogbo -ed di sílébù. Lẹ́yìn ìró t tàbí d ló sábà máa ń dá dúró: kind-heart-ed, short-sight-ed. Old-fashioned kì í ṣe mẹ́rin, mẹ́ta ni.

Ibi tí máàkì ti ń bọ́ jù ni stress, ìyẹn sílébù tí a ń pè kó wúwo ju ìyókù lọ. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ pé BLACKboard, iwájú ló ń wúwo, wọ́n bá gbé òfin ọ̀rọ̀ orúkọ yìí lé ọ̀rọ̀ àpèjúwe alápapọ̀ bíi hand-dyed lórí. Ó ń dùn mí, torí apá kejì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wúwo: bad-TEMpered, old-FASHioned, kind-HEARTed. Homesick, trustworthy àti waterproof kò sí lára wọn. Iwájú ni tiwọn, ẹ há wọn sórí.

Ẹ má tún rò pé stress náà kì í kúrò níbi tó wà. Ẹ fi ìka lu tábìlì bí ẹ ti ń kà á: "This cloth is hand-DYED." Ó parí síbẹ̀, ẹ̀yìn ló wúwo. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ orúkọ tì í: "a HAND-dyed CLOTH." Ó ti sún síwájú! Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kí ìró wíwúwo méjì fara kanra. Bẹ́ẹ̀ náà ni "The car is second-HAND" àti "a SECond-hand CAR". Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó la ẹnu.

Tí ìlà bá tán nínú ìwé yín, ibi hyphen nìkan ni kí ẹ ti gé e: good- lókè, looking nísàlẹ̀. Tí ẹ bá sì ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ọ̀pá kékeré (ˈ) tó wà lókè nínú àmì ìpè, tó ń fi stress hàn, sílébù tó tẹ̀ lé e ló ni ín, kì í ṣe èyí tó ṣáájú rẹ̀.