Bí a ṣe ń yọ ọwọ́ oníwo àgbò lára kẹ̀kẹ́ ìrìn-àjò, ká fi ọwọ́ gbọọrọ sí i

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí mo máa ń gùn lọ Ayétòrò, ọwọ́ tó ká bí ìwo àgbò ló bá dé. Kò burú lójú títì tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ gun òkè Abẹ́òkúta wa yìí, tó tún ń já sí kòtò, ọrùn àti ọrùn-ọwọ́ ẹ̀ á sọ fún un. Mo ti pààrọ̀ tèmi sí ọwọ́ gbọọrọ, ara tù mí.

Kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ wọ̀n ọ́n o. Irin tó gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú láàárín, stem ni wọ́n ń pè é, ihò ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 25.4, 26.0 tàbí 31.8 mílímítà. Èmi ò wọn nǹkan kan, ẹni tó tà á fún mi ní gbogbo ẹ̀ ọ̀kan náà ni, mo gbé 31.8 délé, stem mi 26.0, kò wọlé, owó wọgbó. Ẹ má sì fi ọwọ́ 25.4 sínú stem 26.0 pé ó sún mọ́ra, ó lè yí mọ́ yín lọ́wọ́ lórí ìdàgẹ̀rẹ̀.

Bíréèkì gan-an ló ń jẹ owó níbẹ̀, ọwọ́ yẹn fúnra ẹ̀ kò wọ́n. Ìdí ni pé ibi tí ẹ ń dì mú lára oníwo àgbò jẹ́ 23.8, ti gbọọrọ jẹ́ 22.2, ohun tí ẹ fi ń tẹ bíréèkì tẹ́lẹ̀ ò ní bá a mu. Tuntun tí ẹ máa rà, ó gbọ́dọ̀ bá irú bíréèkì tó wà lára kẹ̀kẹ́ yín mu, ẹ bi wọ́n bóyá ti V-brake ni, ìyẹn bíréèkì alápá gígùn méjì, torí V-brake máa ń fẹ́ kí wáyà fà púpọ̀, caliper àti cantilever, irú bíréèkì méjì mìíràn, ò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì í mú, bíréèkì á le bí òkúta tàbí kó rọ̀ wọ̀jọ̀. Ti gíà ńkọ́? Tó bá jẹ́ ara férémù nísàlẹ̀ ni ohun tí ẹ fi ń yí i wà, ẹ fi í síbẹ̀ jẹ́jẹ́ jàre.

Ó yá, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya bí gbogbo wáyà ṣe gbà. Ẹ tú tépù tó wé ọwọ́ àtijọ́, ẹ tú wáyà lẹ́nu bíréèkì, ẹ yọ ohun ìtẹ̀ bíréèkì, kẹ́ ẹ wá tú bóòtù iwájú stem. Ẹ gbé ọwọ́ tuntun sí àárín gbùngbùn, bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má fún ọ̀kan pa, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ fò láti igun kan sí èkejì kí àlàfo òkè àti ìsàlẹ̀ dọ́gba.

Wáyà inú bíréèkì náà, ẹ ra tuntun, torí orí ti tẹ́lẹ̀ rí bí èso píà kékeré, ti ọwọ́ gbọọrọ rí bí ìlù kékeré. Rọ́bà tó bo wáyà gíà, ẹ má fi ṣe ti bíréèkì láéláé, ó lè bẹ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gírí. Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dópin sọ́tùn-ún sósì, kí wáyà má fà.

Rọ́bà ìdìmú ló kẹ́yìn. Sípíríìtì ni kẹ́ ẹ fi pa inú ẹ̀ kó lè wọlé, kì í ṣe òróró, òróró ò ní jẹ́ kó dúró. Àkísà àdìrẹ ni mo fi nu tèmi, ìyàwó mi ò tíì mọ̀ o.

Ẹ dúró níwájú, ẹ fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú, ẹ wá gbìyànjú àtiyí ọwọ́ yẹn. Tó bá mì, ẹ tún bóòtù fún. Ẹ tẹ bíréèkì tagbára-tagbára bí ogún ìgbà, ẹ kọ́kọ́ gùn ún níbi tó tẹ́jú. Tó bá dà bíi pé ẹ ká jọ sórí kẹ̀kẹ́, stem tó gùn sí i lẹ nílò. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta, wáyà tuntun á ti dẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un fà.