Oòrùn Oko Kì Í Ṣe Iná Dókítà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Kétu àti ẹ̀yin ará ilé wọn, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ro àgbàdo ló jẹ́ ká kọ ìwé yìí. Ọkùnrin kan lọ́nà Pobè, wọ́n ń tan iná sí i lára ní ọsibítù nítorí psoriasis, àrùn awọ tó ń hù bí ìpẹ́, ó lọ ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ló bá ní kí lòun tún ń náwó mọ́tò sí, ṣebí ìmọ́lẹ̀ náà ni oòrùn. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó roko láti aago mọ́kànlá di aago méjì, ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ẹ̀yìn ẹ̀ bó. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ibi tó bó yẹn gan-an ni psoriasis tuntun hù sí.

Psoriasis kì í ràn, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, ẹ yéé ya abọ́ ẹni tó ní i sọ́tọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn ẹyọ ara kéékèèké tó jẹ́ ọmọ ogun ara wa, ló ya wọ inú awọ tí wọ́n ń pariwo ọ̀tá níbi tí kò sí ọ̀tá, awọ tó yẹ kó lo bí ọjọ́ 28 kó tó pààrọ̀ ara ẹ̀ á wá máa sáré pààrọ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 5, òun ló ń kóra jọ bí ìpẹ́ ẹja yẹn. Iná UVB ti máṣíìnì, ẹ̀yà ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kì í rí, tí ìgbì ẹ̀ gùn ní nanomita 311 sí 313, máa ń ba DNA, àkọsílẹ̀ tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, àwọn sẹ́ẹ̀lì T yẹn jẹ́, wọ́n á sì kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì Langerhans, tó dúró lójú awọ bí oníbodè Àkàbà Ìdẹ́nà, tí wọ́n ń ké sí ọmọ ogun, á dínkù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T mìíràn tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti pẹ̀tù síjà á pọ̀ sí i.

Oòrùn ọ̀sán ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì ẹ̀ kò tó nanomita 300 nínú ẹ̀ ń jó awọ láì fi bẹ́ẹ̀ wo psoriasis, kò sì sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n fún yín.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lẹ máa gba iná máṣíìnì, kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà kọ́ lẹ máa lọ lápapọ̀, ìgbà 20 sí 30 ni. Àkọ́kọ́ lè má tó ìṣẹ́jú kan, ẹ má bínú pé wọ́n rẹ́ yín jẹ, wọ́n á máa fi bí 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Tẹ́ ẹ bá pa á jẹ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì, torí wọ́n ní láti dín in kù. Irọ́ tẹ́ ẹ bá pa níbẹ̀, ara yín ló máa jó.

Ẹ má fi òrí ra ara bámúbámú kẹ́ ẹ tó wọ inú máṣíìnì, ó ń dí iná lọ́nà, ẹ̀yìn iná ni kẹ́ ẹ fi para. Gíláàsì kò gbọdọ̀ kúrò lójú, ọkùnrin á bo nǹkan ọkùnrin. Oògùn apakòkòrò bíi Doxycycline àti Bactrim tẹ́ ẹ rà lórí tábìlì lọ́jà, ẹ dárúkọ wọn fún dókítà, wọ́n lè mú kí iná tètè jó yín. Lọ́jọ́ iná, ẹ roko ṣáájú aago mẹ́sàn-án tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin, pẹ̀lú ẹ̀wù alápá gígùn àti akẹtẹ̀.

Ara dúdú kì í sábà fi pípọ́n hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí iná bà: tó bá gbóná tó sì ń ro yín di ọjọ́ kejì, ẹ má wọ máṣíìnì lọ́jọ́ náà títí nọ́ọ̀sì náà á fi fọwọ́ kan ibẹ̀.