Ẹ ka ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka owó: bẹ́ ẹ ṣe lè gba àlejò níbi àtijọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kó má bàjẹ́

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú ibi báyìí lé lọ́wọ́, tàbí tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nǹkan tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn ni pé báwo la ṣe fẹ́ kí èrò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n níbi tí òkúta tàbí ògiri ti lò ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé èèyàn mélòó ni ibẹ̀ lè gbà lóòjọ́ tí nǹkan kan ò ní ṣe é. Ibi méjì ni màá fi ṣàlàyé, Borobudur, tẹ́ńpìlì òkúta kan ní erékùṣù Java ní Indonesia, àti àwọn ihò Mogao, ihò ìjọsìn tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta nítòsí ìlú Dunhuang ní Ṣáínà, torí àwọn méjèèjì ti rí wàhálà èrò rí, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa ibẹ̀ gan-an, torí àìsàn ibì kan kì í ṣe àìsàn ibòmíì. Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkẹsàn-án, nígbà àwọn ọba Sailendra, ni wọ́n kọ́ Borobudur, òkúta òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n tò léra yí òkè kan ká láì fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ère Búdà 504 ló wà níbẹ̀, àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri jẹ́ 2,672. Òjò ló kọ́kọ́ fẹ́ pa á, omi ń gba àárín òkúta wọlé, ilẹ̀ inú ẹ̀ ń rin gbindin, ògiri wá ń fì síta. Láàárín 1973 sí 1983, Indonesia àti UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, tú òkúta tó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n ṣe ọ̀nà tí omi máa gbà jáde, wọ́n wá tò wọ́n padà síbi tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ omi ti rọ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ ló wá kù o. Iyanrìn abẹ́ bàtà ń ha àtẹ̀gùn yẹn bíi sáńpépà, ẹni kan ò lè fojú rí ohun tóun bà jẹ́, àmọ́ ẹ wá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sí i lójoojúmọ́ fún ogójì ọdún.

Ti Mogao, èémí ni. Orí ẹrẹ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ni wọ́n kun àwòrán ibẹ̀ sí, iyọ̀ sì wà nínú àpáta àti ẹrẹ̀ yẹn. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ga, iyọ̀ á fa omi mọ́ra á yọ́, tó bá tún gbẹ, á dì padà, á wá máa ti ọ̀dà kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Èémí èrò wà nínú ẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí lọ́jọ́ òjò náà wà nínú ẹ̀, òun ni wọ́n ṣe fi sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, sínú àwọn ihò tí wọ́n ń ṣí fún àlejò, tí ọ̀rinrin bá ti fẹ́ kọjá ààlà, wọ́n á ti ihò yẹn, gáìdì á kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ sí òmíì.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ àìsàn, ẹ ṣírò. Mogao ò kàn fẹnu sọ pé èrò ti pọ̀ jù, èèyàn 25 ló ń tẹ̀ lé gáìdì kan, wọ́n ní ẹnì kan nílò ìlàjì skwẹ́ mítà láti dúró kó má fara kan ògiri, torí náà ihò tí ò bá tó nǹkan bíi skwẹ́ mítà 13, àlejò ò wọ̀ ọ́. Ihò 735 ló wà níbẹ̀, 492 ló ní àwòrán, síbẹ̀ mélòó kan péré ni àlejò kan máa rí lọ́jọ́ kan. Wọ́n fi 6,000 èèyàn ṣe ààlà ọjọ́ kan. Borobudur náà, nígbà tí wọ́n tún ṣí i fún gígùn ní 2023, èèyàn 1,200 ló lè gun òkè lóòjọ́, 150 lẹ́ẹ̀kan náà, gáìdì á wà pẹ̀lú wọn, àwọn tó kù á dúró sí àgbàlá ìsàlẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ kí àsìkò ìsinmi tó dé o, ẹ jọ̀ọ́, torí tí èrò bá ti kún ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè jókòó ṣírò mọ́, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì á kàn máa tà á lọ ni.

Àmọ́ ẹ ò lè kàn dín èèyàn kù kẹ́ ẹ má fún wọn ní nǹkan míì. Ní 2014 Mogao ṣí gbọ̀ngàn kan síbi tó jìnnà sí àwọn ihò, ibẹ̀ ni àlejò ti ń kọ́kọ́ wo fíìmù méjì, ọ̀kan nínú ẹ̀ wà lórí àjà rìbìtì tó máa dà bíi pé ẹ wà nínú ihò gan-an, ẹ̀yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀sì á wá gbé wọn lọ. Ẹni tó ti wo ìtàn ẹ̀ dáadáa ò nílò kó pẹ́ nínú ihò, ó ti mọ ohun tó fẹ́ fojú rí, kò ní máa tan iná fóònù sí gbogbo igun. Lójú tèmi, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa náwó lé tó dáa tó yìí.

Ọ̀rọ̀ bàtà ńkọ́? Ní Borobudur wọ́n ń fún àwọn tó fẹ́ gòkè ní bàtà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní upanat, ewé pandan ni wọ́n fi hun ún, wọ́n wo irú èyí tó wà nínú àwòrán ara ògiri ibẹ̀ ṣe é, àwọn ará abúlé àyíká ló ń hun ún, àlejò á sì mú un lọ sílé. Ó wù mí gan-an, torí òkúta rí ìsinmi, owó sì dé ọwọ́ ìyá tó ń hunṣọ́nà ní abúlé, ìyẹn á jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ máa ṣọ́ ibẹ̀. Tí ará àdúgbò ò bá rí nǹkan kan nínú ẹ̀ àfi kó máa lé àlejò kiri ní páàkì mọ́tò, kò ní bá yín ṣọ́ ọ.

Ẹ má gbára lé owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan láti dín èrò kù. Ní 2022 ìjọba Indonesia ní àwọn fẹ́ gba 750,000 rupiah, owó ilẹ̀ wọn, lọ́wọ́ ọmọ ìlú kó tó gun Borobudur, kí àlejò ilẹ̀ òkèèrè san 100 dọ́là, ariwo ta gan-an, wọ́n sì ní láti dá a dúró. Bí mo ṣe rí i nìyẹn: tó bá jẹ́ owó ló ń yan ẹni tó máa wọlé, ẹ máa ti ọmọ onílẹ̀ síta, bẹ́ẹ̀ ààlà iye èèyàn máa ṣe iṣẹ́ yẹn láì lé tálákà.

Ibi ìjọsìn ṣì ni o, ẹ má gbàgbé. Lọ́jọ́ Waisak, ọdún ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, wọ́n máa ń rìn láti tẹ́ńpìlì Mendut wá sí Borobudur, ọjọ́ tiwọn nìyẹn, ẹ ṣètò onífótò sẹ́yìn wọn, ẹ má ṣe kó wọn sáàárín èrò. Ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn pàápàá nílò sùúrù: ó pẹ́ táwọn kan ti ń na ọwọ́ wọ inú stupa kan (ilé òkúta tó rí bí agogo) níbẹ̀ láti fọwọ́ kan ère inú ẹ̀ kí nǹkan tí wọ́n fẹ́ lè ṣẹ, ẹ má kàn fi feré lé wọn, ẹ jẹ́ kí gáìdì sọ ìtàn ẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kó sì fi ibi tí wọ́n máa dúró sí hàn wọ́n.

Ẹ tún múra sílẹ̀ fún ohun tí kì í ṣe àlejò. Ní 2010 òkè ayọnáyèéfín Merapi tú eérú bo Borobudur, wọ́n tì í, torí eérú yẹn kan bí ásíìdì, ó ń jẹ òkúta, ó sì ń dí ọ̀nà omi tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá ṣe yẹn. Nígbà tí òkè ayọnáyèéfín míì, Kelud, tú tiẹ̀ ní 2014, wọ́n sáré fi ọ̀rá bo àwọn stupa. Nítorí náà ẹ ní tapólì àti búrọ́ọ̀ṣì tó pọ̀ nílé, kẹ́ ẹ sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín pé gbígbẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbá eérú, ìgbà tó bá ti kúrò lójú òkúta ni wọ́n tó máa wá bu omi sí i.